Ilẹ̀ Wo Ni Wọ́n Jọ Mu? Lẹ́tà láti Abobo Gare sí Àwọn Ará Ilé

Sí gbogbo ará Èjìgbò, Ìwó, Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè wọn nílé,

Lẹ́tà yìí wá láti Abobo Gare, ní ìhà àríwá ìlú Abidjan, níbi tí ojú irin tó gba ilẹ̀ Burkina Faso lọ ti fún àdúgbò lórúkọ, nítorí pé "gare" ni àwọn elédè Faransé ń pe ibùdó ọkọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní Ànàgó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ wá ṣòwò síbí láti ayé ìjọba Faransé. Ohun tí lẹ́tà náà dá lé lórí ni ọ̀rọ̀ kan tó ń kún inú WhatsApp àwọn ará ilé nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ yan olórí tàbí olùdíje, èyíinì ni "ọ̀dàlẹ̀".

Bí a bá wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe ohun tí inú ẹlòmíràn kò dùn sí ni ọ̀dàlẹ̀. Àwọn tó jọ mulẹ̀, tí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí májẹ̀mú, nìkan ni wọ́n lè dalẹ̀ ara wọn. Ẹni tí kò bá sì bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ kò ní ilẹ̀ tí yóò dà. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé òfin ẹgbẹ́ ló yẹ kí ó jẹ́ ilẹ̀ yìí, nítorí òun nìkan ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àgbà àti ọmọdé, jọ tẹ́wọ́ gbà. Ṣùgbọ́n nínú ìṣe, ènìyàn kan ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ìsàlẹ̀, tó lè má di ipò kankan mú, àmọ́ tó jẹ́ pé owó àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò dì í mú. Ibẹ̀ ni àgàbàgebè ti ń wọlé, tí í ṣe ìwà ẹni tó ń bu òfin lé ẹlòmíràn lórí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn òfin náà kọjá.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò nílò àpẹẹrẹ láti ọ̀nà jíjìn. Ní 2018, nígbà tí ọdún mẹ́jọ gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń parí lọ, Gbóyèga Oyètọ́lá, tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ni ẹgbẹ́ APC fà kalẹ̀. Moshood Adéọ̀tí, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba lábẹ́ gómìnà kan náà, sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó lọ díje lábẹ́ ADP. Lójú àwọn tó wà lẹ́yìn Oyètọ́lá nígbà náà, ohun tí Adéọ̀tí ṣe kò ní orúkọ mìíràn ju ìdalẹ̀ lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìbò 482 péré ni APC fi borí lẹ́yìn àtúndì ìbò ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ fi yí padà: ní oṣù Èrèlé 2022, Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ti di mínísítà, dúró lẹ́yìn Adéọ̀tí, tó ti padà sínú APC, láti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Oyètọ́lá. Oyètọ́lá borí nínú ìbò abẹ́lé, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dì láàrin ara wọn kí ìbò gbogbogbòò tó dé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti ya sí méjì, ní ọjọ́ 16 oṣù Agẹmọ Adémọ́lá Adélékè ti PDP sì fi ìbò 403,371 borí 375,027 tí APC ní. Àwọn mẹ́ta kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni. Ibi tí oníkálukú dúró sí ló yí, orúkọ ọ̀dàlẹ̀ sì bá wọn yí, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ti jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní Èkó lábẹ́ Bọ́lá Tinúbú, jáde du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ, ìbò 235 ló sì ní níbi tí Tinúbú ti ní 1,271. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó bá ẹni tó ṣe é lóore díje, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí òfin kankan tó dárúkọ rẹ̀.

Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Rẹ́mọ títí di òní, kì í ṣe irú èyí rárá bí a bá wò ó dáadáa. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní 1959 láti lọ ṣe olórí alátakò ní Èkó, ipò méjì tó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan di ti ènìyàn méjì: Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ẹgbẹ́, Akíntọ́lá ń ṣe olórí ìjọba. Ìbéèrè tó ya ìpàdé gbogbogbòò Action Group, ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì, ní ìlú Jos sí méjì ní oṣù Èrèlé 1962 ni ti ẹni tí olórí ìjọba ń jíhìn fún, bóyá ẹgbẹ́ tó gbé e dépò ni tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní oṣù Èbìbí, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà, yọ Akíntọ́lá nípò nítorí ìwé kan tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, láìjẹ́ pé wọ́n dìbò nínú ilé, ó sì fi Adégbénró, tó wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rin ìrìn àjò dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti dá gómìnà láre ní 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì sáré tún òfin kọ kí ìdájọ́ yẹn má baà ṣẹ. Ibi tí ìjà náà já sí burú. Síbẹ̀, àwọn tó jà á ní ohun kan tí àwọn òde òní kò ní: wọ́n mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, wọ́n sì lè tọ́ka sí ìpínrọ̀ rẹ̀ nínú ìwé.

Nílẹ̀ tí òǹkọ̀wé yìí ń gbé, òkú ènìyàn ni ilẹ̀ tí wọ́n jọ mu. Félix Houphouët-Boigny, tó di ààrẹ Côte d'Ivoire, dá ẹgbẹ́ PDCI sílẹ̀ ní 1946, ó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ náà títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ 1993. Henri Konan Bédié, olórí ilé aṣòfin, ni òfin ní kí ó jogún ipò ààrẹ; Alassane Ouattara, olórí ìjọba tó ti ń darí ìlú nígbà àìsàn bàbá náà, fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ní 1994, Bédié gba orí àga ẹgbẹ́, àwọn tó fẹ́ Ouattara sì yà kúrò láti dá RDR sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń pe ara wọn ní ọmọ Houphouët.

Ọ̀nà tí Bédié gbà yanjú ìdíje yìí ló kan àwọn Ànàgó tí kò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1994, òfin ìdìbò tuntun sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ouattara ni wọ́n ń lé pẹ̀lú rẹ̀. Èrò tí wọ́n sọ ní ivoirité, ìyẹn pípín àwọn olùgbé ìlú sí onílé àti àjèjì, sì bá a rìn. Ní 1990, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé ibẹ̀ ṣì ń dìbò ààrẹ. Òfin yìí fòpin sí i. Kí a má ṣe gbàgbé, bí àwọn tó wà lẹ́yìn Ouattara kò tilẹ̀ fẹ́ràn ìrántí náà, pé abẹ́ ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ darí ni káàdì ìgbélùú, tí wọ́n ń pè ní carte de séjour, ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó di ohun tí ọlọ́pàá fi ń dá àjèjì dúró lójú pópó. Ẹni tó gbé káàdì náà kalẹ̀ di àjèjì lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́.

Ìjà oyè inú ẹgbẹ́ kan ló di ìfipágbàjọba ní 1999, tó di ogun ní 2002, tó sì tún dé Abobo gan-an ní 2011, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje tó ń ṣe ìwọ́de ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ̀nà, tí àdó olóró sì bọ́ sínú ọjà ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó pa ju ogún ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ìdíje wo ló fa ikú wọn, nígbà tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti làjà? Ní 2005, ní Paris, Bédié àti Ouattara ti di alájọṣe nínú RHDP, àjọṣepọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó fi orúkọ Houphouët ṣe àsíá. Ní 2010, Bédié tó ṣe ipò kẹta nínú ìbò ààrẹ ní kí àwọn ènìyàn òun dìbò fún ẹni tí òfin rẹ̀ ti lé. Ní 2014, ó ní kí Ouattara tún ṣe olùdíje kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ní 2018 wọ́n tún túká, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí pe ara wọn ní ọ̀dàlẹ̀, bí ẹni pé ìwé ìrántí gbogbo ìlú ti sọnù.

Ohun tí òǹkọ̀wé lẹ́tà yìí ń bẹ̀ ará ilé kò ju pé kí ẹni tó bá fẹ́ fi "ọ̀dàlẹ̀" ránṣẹ́ kọ májẹ̀mú tí ẹni náà dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin ẹgbẹ́, kí ó dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ oore tí ẹnì kan ṣe é, kí ó pè é ní gbèsè, nítorí gbèsè ṣeé san tán, a kì í sì í fi ìbò san án.

Bédié kú ní oṣù Ògún 2023. Nígbà tí PDCI pàdé ní Yamoussoukro ní oṣù Ọ̀pẹ láti yan àrólé rẹ̀, Tidjane Thiam ní ju ìdá 96 lọ nínú 100, Jean-Marc Yacé tó bá a díje sì ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Igbe 2025, ilé ẹjọ́ yọ orúkọ Thiam kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò nítorí pé ó ti gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó fi ipò olórí sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì dìbò dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì pẹ̀lú ju ìdá 99 lọ. Ẹgbẹ́ náà kígbe pé kò tọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìran lé olùdíje kúrò. Àwọn Ànàgó Abobo tó dìbò kẹ́yìn ní 1990 gbọ́ igbe náà pẹ̀lú.