Ìwé Eré tó Dá Lórí Ìtàn Wúlò fún Ọ̀dọ́

Àwọn kan ní irọ́ ni òǹkọ̀wé máa ń pa mọ́ ìtàn àtijọ́, pé kí ọ̀dọ́ yáa ka ìwé ìtàn gan-an. N kò gbà. Ẹ wo eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá Ìyálóde yìí, bíi tiwa ní Ifọ̀. Nínú eré náà, ó pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Johnson ní àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á ní 1874. Èwo ni ká gbà? Ìbéèrè yìí ló sún mi dé ìdí ìwé Johnson, ìwé ràgàjì tí olùkọ́ kankan kò lè fi pàṣán mú mi kà! Àwọn ọmọ Mowe àti Ibafo ńkọ́, tí òbí wọn ti ìlú káàkiri wá tẹ̀dó? Ta ni yóò pa irú ìtàn báyìí fún wọn nílé?