Ọ̀kẹ́ Kan: Kí Ni Ó Wà Nínú Orúkọ Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ mọ bí a ti ń tú òǹkà palẹ̀ ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n ka 20 000 ní Yorùbá, vingt mille ni wọn yóò wí. Ọ̀kẹ́ kan ni orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí a jẹ́ kí ó kú mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu, nítorí orúkọ náà ń ṣe iṣẹ́.

Àpò ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sókùn kan; àádọ́ta okùn di ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tú u síwájú: igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ogún mẹ́wàá sì ni igba. Nítorí náà, 20 000 = 20 × 10 × 10 × 10. Nínú 20 a rí 2 × 2 × 5. Nínú 10 kọ̀ọ̀kan, 2 × 5. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 2⁵ × 5⁴. Orúkọ nìkan ni ó gbé wa débẹ̀.

Láti ibẹ̀, a mọ̀ pé 6 × 5, èyíinì ni 30 òǹkà, ni ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù. Bí ẹgbẹ́ aláàjọ bá ní 20 000 fráǹkì, ènìyàn 16 yóò gba 1 250 lọ́kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 25 yóò gba 800, ènìyàn 32 yóò gba 625. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí méje, owó yóò ṣẹ́kù, nítorí 3 àti 7 kò sí nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 100, Nicomachus, tí ó kọ̀wé ní èdè Gíríìkì, pín àwọn òǹkà tí 2 lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. A ó ro gbogbo òǹkà tí ó pín ọ̀kan pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀. Ti 10 jẹ́ 8: kò pé. Ti 6 jẹ́ 6: ó pé. Ti ọ̀kẹ́ jẹ́ 29 203: ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Èyí ni ìwé Faransé ń pè ní nombre abondant.

Àwọn kan ń wí pé kíkà ní ogún-ogún ti di ohun àtijọ́. Kí ni Faransé ń pe 80? Quatre-vingts, ogún mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rin tiwa. Ilé ìwòsàn Quinze-Vingts ní Paris, tí ọba Louis kẹsàn-án dá sílẹ̀ fún afọ́jú 300, ogún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ yín nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́: igba lọ́nà igba ni ọ̀kẹ́ méjì. Òǹkà mélòó ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, èé sì ti ṣe tí iye wọn kò fi ṣeé pín sí méjì dọ́gba? Ẹ ṣe é, kí ẹ sì ka ìdáhùn náà sókè ní Yorùbá fún àgbà kan nílé.