Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ẹ̀rọ amúlétutù, ti gbogbo ilé ni tàbí ti yàrá kan?

 

Láti oṣù kejì títí òjò yóò fi dé dáadáa, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ní Àjàṣẹ́ kì í rí oorun sùn. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń gbọ́, wọ́n sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí a ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé ní Chicago, irú èyí tó wà nílé tirẹ̀ ló mọ̀: ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú ọ̀pá onípáànù lọ sí gbogbo yàrá. Irú rẹ̀ ló fẹ́ fún ìyá rẹ̀. Bàbá ní èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri yàrá, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní split, ti tó. Ta ni ká tẹ̀ lé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí wọ́n fi ń lo ti ọ̀pá níbẹ̀. Òtútù Chicago kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ ilé wọn ló ti ní ọ̀pá tí ooru ń gbà wọ yàrá kí wọ́n tó ronú ìtutù rárá. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù dé, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá tó ti wà nílẹ̀. Ilé tiwa kò ní ọ̀pá kankan. Bí a bá fẹ́ fi í sí i, òkè àjà ni yóò gbà, lábẹ́ páànù òrùlé gan-an, níbi tó gbóná jù nínú ilé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ètò ENERGY STAR ti ìjọba wọn sọ pé nínú ilé bí ilé, nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí ń gba ọ̀pá kọjá ló ń jò dànù. Bí a kò bá sì wé ọ̀pá tútù náà dáadáa, omi yóò máa sẹ̀ sí i lára, àjà onípákó yóò jẹrà. Ní ti àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́, ẹni tó bá ń la ògiri wọn fún ọ̀pá ń wá ìjàngbọ̀n. Ihò bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ni split ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló wúwo jù. Fáànù òkè àjà kò ju nǹkan bíi wáàtì 70 lọ. Split oní-12,000 BTU ń jẹ tó wáàtì 1,000 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ìyẹn fáànù mẹ́rìnlá. Ti gbogbo ilé, tó jẹ́ 36,000 BTU, ń jẹ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá nìkan ló wà nílé. Ọmọ lè ra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé owó iná ń dé lóṣooṣù, ọwọ́ bàbá ló sì ń bọ́ sí. Ẹ̀rọ tí a fi aṣọ bò nítorí owó iná pọ̀ nílé wa, tí ìyá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ, ẹ bèèrè ẹni tí yóò san owó iná, kí ọmọ náà sì dáhùn kí ó tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun, tí gbogbo yàrá rẹ̀ ní ènìyàn tọ̀sán-tòru, lè bá ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀ nípa ti ọ̀pá kí wọ́n tó kan àjà. Ìyẹn yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ split, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá mítà 3 sí 4, 9,000 BTU tó o. Àwọn kan rò pé èyí tó tóbi ló dára jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ẹ̀rọ tó tóbi jù á mú yàrá tutù kíákíá, á sì dákẹ́ kí ó tó fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Létí ọ̀sà tiwa yìí, yàrá á tutù, aṣọ ibùsùn á sì rin. Fèrèsé onígíláàsì tí kì í pa dé pinpin, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra fún àlòkù tó ṣì ń lo gáàsì R-22. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ni ayé ti ń fi í sílẹ̀. Gáàsì ẹ̀rọ yìí kì í sì í tán bíi ti ìdáná. Bí ó bá dín, ó ń jò ni. Oníṣẹ́ tó ń rọ gáàsì sí i lọ́dọọdún láìwá ibi tó ń jò ń jẹ owó yín lásán.

Ẹ máa fi omi fọ àsẹ́ inú rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má gbé e kọjú sí orí ìyá lórí ibùsùn, ẹ má sì jẹ́ kí omi rẹ̀ máa kán sí ara ògiri aládùúgbò.