Odò Tó Dì Kì Í Ṣe Ọ̀nà

Ó ti sú wa. Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù kìíní, fídíò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kiri: àwọn èèyàn tó wọ ẹ̀wù òtútù ń rìn lórí odò tó dì láàárín òkè méjì, orin ń rọra dún. Àwa ọ̀dọ́ á wá máa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ayé àlàáfíà nìyẹn, ayé tí ò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àfonífojì Zanskar ni, ní Ladakh, lápá àríwá Íńdíà. Ọ̀nà mọ́tò tó ti Kargil wá sí Padum, ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, gba orí òkè Pensi La, tó ga tó 4,400 mítà. Bí yìnyín bá ti bò ó, ó di ọ̀pọ̀ oṣù kí mọ́tò tó tún kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń gba orí odò lọ sí Leh láti ìrandíran. Chadar ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aṣọ ìbora. Wọ́n á ru bọ́tà lọ tà, wọ́n á mú ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n á sùn sínú ihò àpáta, nínú òtútù tó lè lọ sílẹ̀ dé 20 tàbí 30 lábẹ́ òdo. Níbi tí omi dídì náà bá ti fọ́, wọ́n á gun àpáta tàbí kí wọ́n wọ odò.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni àlàáfíà níbẹ̀? Ẹni tó sanwó rìn ín fún ọ̀sẹ̀ kan ń ṣeré ni. Aboyún tí ìrọbí mú lóṣù kejì ò ṣeré. Ohun tó ń ṣe Lébánjọ́ kọ́ ló ń ṣe ọmọ ẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Bí ẹnì kan nínú wa bá kọ ètò tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ẹnu ọ̀nà náà sì ń yọ́ bí oòrùn bá ràn, àléébù la ó pè é, a ó sì ní kó lọ tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Kí ló dé tó bá wá kan èèyàn ẹlẹ́ran ara tí àléébù fi di ewì?

Àwọn kan ní ọ̀nà yóò ba àṣà jẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ń kó ìdọ̀tí wọlé. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ṣeé kó. Ẹni tó kú nítorí pé kò rí ọ̀nà dé ọsibítù ò ṣeé jí. Àṣà tí ò lè dúró àfi tí wọ́n bá ti àwọn tó ni ín mọ́lé, ìyẹn kì í ṣe àṣà mọ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Lóṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀nà tó ti Nimmu gba Padum lọ sí Darcha já síra wọn. Lóṣù keje ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ọ̀nà sábẹ́ òkè Shinku La, tí yóò gùn tó kìlómítà 4.1, kí mọ́tò lè máa kọjá tòtútù tooru. Kí wọ́n tètè parí ẹ̀ ló yẹ ká máa gbàdúrà fún.

Tó bá wù wá ká sinmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká pa fóònù wa. Kò dìgbà tí odindi àfonífojì bá há sínú yìnyín.