Ọdẹ tó gé ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kúrú: kí ló ń jèrè, kí ló ń pàdánù?

Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láti Òwènà títí dé Bọ́lọ́runduró, ọdẹ kì í ṣòroó dá mọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó jókòó sórí ọ̀kadà, tọ́ọ̀ṣì wà níwájú orí, àpò wà léjìká, ìbọn gígùn yọ gọgọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó jẹ́. Gígùn ìbọn yẹn ti sọ ọ́. Ọlọ́pàá tó bá rí i láti ọ̀ọ́kán mọ̀ pé ṣakabùlà ni, ìbọn ẹni tó ń wá ẹran ìgbẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó ń wá owó olówó.

Ẹ jẹ́ ká wá ní ìbọn kan náà ni wọ́n gé, tó kúrú débi pé ó ṣeé jù sínú àpò. Ọdẹ yẹn náà ni, igbó tó ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lọ, àgbọ̀nrín tó fẹ́ pa kò yí padà. Àmọ́ bí wọ́n bá yẹ àpò yẹn wò lójú títì, ojú tí wọ́n máa fi wò ó yàtọ̀ pátápátá. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tí ọdẹ fi máa fẹ́ ìbọn kúkúrú? Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹgàn ti dínkù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní agbègbè Ìdànrè, ní Òfòsù, àti ní igbó ọba Olúwa, wọ́n ti gé igi ńlá níbi tó pọ̀, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gba ibòmíràn, ibi tí kò sí oko sì ti di igbó kékeré tó há, tí ìtàkùn lọ́ mọ́ra wọn. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹtu tàbí àgbọ̀nrín kì í jìnnà sí ọdẹ kó tó rí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ó ti tó. Kí ọdẹ tó yí ìbọn gígùn sí i, ọ̀pá rẹ̀ ti kọ́ ìtàkùn, ewé ti mì, ẹran ti lọ. Ẹni tó ń gorí igi dúró de ẹran lóru náà ní ìṣòro yìí, nítorí àyè kò sí láti yí ìbọn gígùn láàárín ẹ̀ka. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà oko pẹ̀lú ṣakabùlà lẹ́yìn mọ̀ pé igi ń gbá a.

Nítorí náà, ọdẹ tó bá gbé ìbọn lọ sí àgbẹ̀dẹ pé kí wọ́n bá òun dín in kù kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe olè. Ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé: ṣé ohun tó ń wá ló máa rí?

Iṣẹ́ wo ni ọ̀pá ìbọn ń ṣe? Ẹ̀tù tó wà nínú ìbọn ló ń jó, èéfín rẹ̀ ló sì ń ti ọta jáde. Bí ọta bá ṣe ń rìn nínú ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ni èéfín yẹn ń tì í, tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ọ̀pá bá kúrú, ọta á ti jáde kí ẹ̀tù tó jó tán. Eré dínkù, iná tó yẹ kó kú sínú ọ̀pá á wá bú jáde lẹ́nu ìbọn, ariwo á sì le sí i létí ẹni tó yìn ín. Ẹni tó bá ń dẹ̀gbẹ́ lóru mọ ohun tí iná òjijì máa ń ṣe fún ojú: fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní rí nǹkan kan mọ́. Bí ẹran bá ṣubú ni o, bí ó bá sá ni o, kò ní mọ̀. Bí ènìyàn ló wà lẹ́yìn ẹran náà ńkọ́?

Fún ráífù, èyí tó ní ìlà lílọ́ nínú, tó ń yìn ọta kan ṣoṣo, àdánù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí ẹran bá wà nítòsí. Ínṣì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé kúrò sábà máa ń dín eré ọta kù díẹ̀, àmọ́ ní ogójì ìṣísẹ̀ ẹran kò ní mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń dọdẹ àgbọ̀nrín nínú igbó dídí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fi fẹ́ràn ráífù kúkúrú, pàápàá àwọn tó ń fi ohun èlò tó ń dín ariwo kù sẹ́nu rẹ̀, nítorí ohun èlò yẹn fúnra rẹ̀ tún ń mú ìbọn gùn sí i.

Ṣùgbọ́n ọdẹ mélòó ló ní ráífù ní Oǹdó? Ṣakabùlà tí wọ́n ń ti ẹ̀tù bọ̀ látẹnu àti ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Inú ọ̀pá àwọn wọ̀nyí dán, ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tú jáde. Níbẹ̀, àdánù ọ̀pá kúkúrú tún lé kan. Èyí tó pọ̀ nínú ìbọn kátíríìjì ni wọ́n fún díẹ̀ lápá ẹnu, kí ọta má baà tàn ká jù. Ibi tó fún yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé dànù. Láti ọjọ́ náà, ọta á máa fọ́n ká. Ọdẹ á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti bá ẹran nítòsí. Ó rọrùn lóòótọ́. Àmọ́ ẹran tí ọta méjì péré bá lára kò ní kú síbẹ̀. Á gbé ọgbẹ́ sá wọ inú igbó, á kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Owó kátíríìjì ti lọ, ẹran náà sì ti ṣòfò.

Ti ṣakabùlà tilẹ̀ burú jù. Ẹ̀tù rẹ̀ nílò ọ̀pá gígùn, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é gùn látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdẹ tó bá rí i pé ìbọn òun kò lágbára mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gé e, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni kó fi kún ẹ̀tù. Páìpù omi tàbí irin ara mọ́tò ni ọ̀pá púpọ̀ nínú ìbọn ìbílẹ̀, wọn kò rọ irin yẹn fún ìbọn rárá. Bí ó bá bẹ́, ọwọ́ òsì àti ojú ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹni tó bá mọ ọdẹ àgbà méjì tàbí mẹ́ta máa mọ ọ̀kan tí ìka rẹ̀ kò pé.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá kù. Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò di òní, ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣe é, kí òmìnira tó dé. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìbọn tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní àfi pẹ̀lú àṣẹ ààrẹ: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, àti pọ́ńpù náà. Èkejì ni ìbọn kátíríìjì lásán àti ráífù ọdẹ, tí ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kì látẹnu. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán kúrú ju ínṣì 20 lọ. Kò yọ ọdẹ sílẹ̀. Kò ní bí ẹran bá wà nítòsí, ẹ lè gé e.

Òfin míì tún wà tó le ju ìyẹn lọ, òfin ìdigunjalè àti ìbọn. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìbọn tí kò bá òfin mu lè san ₦20,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó gba méjèèjì. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó: ₦20,000 lápá kan, ọdún mẹ́wàá lápá kejì. Ohun tí adájọ́ máa fi wọn ọ̀rọ̀ náà ni irú ẹni tó rò pé ó wà níwájú òun. Ìbọn tí wọ́n gé kò ní bá ọdẹ sọ̀rọ̀ rere níbẹ̀.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló fi gígùn ọ̀pá ṣe ààlà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1934 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínṣì 16, tàbí ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí kò tó ínṣì 18, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Títí di ìparí ọdún 2025, ó tún ń san owó orí 200 dọ́là lé e. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ínṣì 24 ni ààlà fún ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti tiwa ni pé níbẹ̀, ọdẹ tó fẹ́ ìbọn kúkúrú mọ ẹni tó máa lọ bá àti ìwé tó máa kọ. Ọdẹ Oǹdó, àgbẹ̀dẹ nìkan ló mọ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ojú tí wọ́n fi ń wo ìbọn ọdẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kó rántí Uromi. Ìpínlẹ̀ Edo ló wà, ìpínlẹ̀ tó bá Oǹdó pààlà. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ ará Àríwá tó ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n ń lọ sílé fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ àwọn fijilanté níbẹ̀. Wọ́n yẹ mọ́tò wọn wò, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀, wọ́n pè wọ́n ní ajínigbé. Ènìyàn 16 ló kú. Gómìnà Edo, Monday Okpebholo, ní láti lọ sí Kano lọ kẹ́dùn. Ìbọn ọdẹ ni ìbọn wọ̀nyẹn, ọdẹ ló sì ni wọ́n. Lójú àwọn tó mú wọn, ìyẹn kò tó.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tó máa mú kí ènìyàn ní sùúrù. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni gómìnà ìgbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ l'Ọ́wọ̀, tí ẹ̀mí bí ogójì ṣòfò. Ta ló mọ igbó? Ọdẹ ni. Nígbà tí òfin Àmọ̀tẹ́kùn fìdí múlẹ̀ ní 2020, ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Akérédolú tilẹ̀ sọ ní 2022 pé òun máa ra ìbọn tó gbóná fún wọn, nígbà tó rí fọ́nrán àwọn fijilanté Katsina tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo AK-47. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí nínú ìwé òfin ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ìbọn wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin Àkúrẹ́ kò lè dín ínṣì 20 yẹn kù, kò sì lè fi kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti takókó nìyí: ìjọba ń lo ojú ọdẹ nínú igbó, kò sì ní ìwé tó sọ iye ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọdẹ kan lè bá Àmọ̀tẹ́kùn tọ ipasẹ̀ ajínigbé lónìí, kí wọ́n sì mú un lọ́la nítorí ìbọn tó gbé bá wọn lọ.

Èyí kò nílò òfin tuntun kó tó yanjú. Ẹgbẹ́ ọdẹ wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, wọ́n ní olórí, wọ́n sì mọ ara wọn. Bí àwọn ọlọ́pàá, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ bá jókòó pọ̀, wọ́n lè kọ ìbọn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ta ló ni ín, irú rẹ̀, gígùn ọ̀pá rẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i lára. Ọdẹ á mú ìwé rẹ̀ dání. Ìbọn tí gígùn rẹ̀ kò bá ìwé mu, ẹni tó ni ín á ṣàlàyé. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ hàn gbangba: ọdẹ ń bẹ̀rù pé bí òun bá mú ìbọn wá fún ìforúkọsílẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí òun mú un padà lọ. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàdédé wá. Àfi kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn níwájú àwọn ọba wọn pé ìbọn tó bá bófin mu kò ní sọnù.

Àwọn alágbẹ̀dẹ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Ògún ni àti ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, pọ̀ ni wọ́n sì ń jáde lọ́dún Ògún ní ìlú Oǹdó. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ayùn wà. Òun ló lè sọ fún oníbàárà pé ibi tó o fẹ́ kí n gé e sí yìí, o kò ní lè gbé e kọjá Òwènà. Lónìí, kò sẹ́ni tó sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ààlà kankan wà, àfi ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló bá wọn gé e.

Ní ti ìtàkùn tó ń kọ́ ìbọn, ìyẹn kò lọ síbì kankan. Ọdẹ tó ń wá ẹtu nínú oko kòkó tó ti di igbó ṣì máa fẹ́ ìbọn tó kúrú ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Kí ó tó kan ínṣì 20, àyè díẹ̀ wà tí òfin fi sílẹ̀ fún un: ṣakabùlà tó ga tó ènìyàn kò pọn dandan. Àyè yẹn ni kò sí ẹni tó ń wọ̀n fún un.