Ọkà Àgbàdo Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Bí àwọn àgbà bá ń to oúnjẹ sípò-sípò, wọn a ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú; kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ tó àgbègbè àwa Ìdáàṣà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ Jagun, ọmọ olókè 41, níbi tí iṣu ti jọba lóko tí ó sì jọba nínú àwo àlejò, tí àwọn aládùúgbò wa ní Savalou tilẹ̀ ń fi ọjọ́ 15 oṣù Ògún ọdọọdún ṣe àjọ̀dún iṣu tuntun. Ní Tré tí a ti tọ́ mi dàgbà, baálé tí àlejò pàtàkì bá wọ ilé rẹ̀ kò ní fọkàn balẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀, bí a bá fi ti ayẹyẹ sílẹ̀, tí a béèrè ohun tí ń gbé ẹ̀mí ará Tré ró, ohun tí àgbẹ̀ ń jẹ nígbà tí ó bá toko dé, tí ọmọ iléèwé ń jẹ kí ó tó sùn, ọkà àgbàdo ni ìdáhùn. Oúnjẹ ojoojúmọ́ kì í sábà rí ẹni tí yóò kì í. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, èmi tí mo ń gbé lẹ́yìn odi báyìí, láàárín àwọn ènìyàn mìíràn tí ọkà àgbàdo gbé ró ní tiwọn, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Obìnrin Tré tí ó mọ ọkà í rò kì í da ìyẹ̀fun sínú omi híhó gìrọ́. Yóò gbé omi kaná lórí àrò olókùúta mẹ́ta, yóò bu ìyẹ̀fun díẹ̀ po mọ́ omi tútù nínú igbá, yóò dà á sínú omi tí ó ti hó, yóò sì máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ni yóò bu díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ náà, nítorí òun ni yóò fi tún ọkà ṣe bí ó bá le jù; ìgbà yìí ni yóò wá máa bu ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú, tí yóò máa rò, tí yóò máa yí, tí yóò máa fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí kókó má bàa sá pamọ́ sínú rẹ̀, títí ọkà yóò fi dì, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ìkòkò fúnra rẹ̀. Kò tíì tán síbẹ̀. Yóò wọ́n omi sí i, yóò dé e, yóò fa igi iná sẹ́yìn, yóò sì jẹ́ kí ooru se inú rẹ̀ jinná, kí ó tó rò ó nígbà ìkẹyìn, kí ó tó mú ìgbákọ. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ní àkókò yẹn. Kì í sì í ṣe ìbínú, iṣẹ́ tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́.

Àgbàdo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ Columbus gúnlẹ̀ sí ọ̀hún ní 1492 ni àwọn òyìnbó gbé e sọdá òkun, tí àwọn Pọtogí sì mú un dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Kí ó tó dé, ọkà bàbà ni àwọn baba ńlá wa ń lọ̀, iṣu sì ni wọ́n ń gún. Ṣùgbọ́n àlejò yìí mọ̀wà á hù, ó ń yára gbó ju bàbà lọ, kò sì pẹ́ tí ó fi di onílé. Ìhòòhò ni àgbàdo ń rè oko, bí ó bá ń bọ̀ a di onígba aṣọ, a di onígba ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Ìdàhọ̀mì ń lé àwọn ènìyàn wa gun orí òkè, oúnjẹ tí ó ṣeé gbẹ, tí ó ṣeé dì sínú àpò, tí ó sì ṣeé lọ̀ lórí àpáta, kì í ṣe oúnjẹ àbùkù lójú ẹnikẹ́ni.

Ìlú Turin, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì, ni mo ń gbé. Àwọn onílẹ̀ ní ọkà àgbàdo tiwọn, polenta. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará Románíà ni mo ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù, àwọn tí wọ́n pọ̀ ju gbogbo àlejò yòókù lọ ní Ítálì, tí iye wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, tí Turin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n fi ṣe ibùdó. Ìyá àgbà kan láti ìhà Moldavia, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Màmá, ni ó jẹ́ kí n dúró ti òun wo bí wọ́n ṣe ń se mămăligă. Ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ rí roboto, èyí tí wọ́n ń pè ní ceaun, ni ó gbé kaná. Ó bu iyọ̀ sí omi, ó sì fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan sí i kí ó tó hó. Nígbà tí ó hó, ó ń fọ́n ìyókù sí i wínníwínní, ó fi ọ̀pá igi kan tí a lè gbé lọ sí ọjà wa tà ní orógùn ń rò ó, ó sì rò ó ju ìlàjì wákàtí lọ, kò dúró, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó jinná, ó dojú ìkòkò dé orí pátákó olóbìrípo, ó sì fi òwú gé e, nítorí pé ọ̀bẹ a máa mú kí ó lẹ̀. Wàrà funfun tí wọ́n ń pè ní brânză, pẹ̀lú ọ̀rá wàrà kíkan, ni ó gbé tì í. Bí mo ti rí wàrà yẹn ni mo rántí àwọn obìnrin Fúlàní tí ń gbé wàrà wagasi, tí wọ́n ti fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa, jókòó sí ẹ̀bá títì ní agbègbè Dassa-Zoumè, èyí tí àwa náà ń gé sínú ọbẹ̀ láti fi jẹ ọkà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èkejì. Ibi tí darandaran bá ti pàdé àgbẹ̀ àgbàdo, irú àwo bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ibẹ̀ jáde.

Ìtàn àwọn ará Románíà pẹ̀lú oúnjẹ yìí jinlẹ̀. Ọkà wẹ́wẹ́ bíi jéró ni wọ́n ń rò tẹ́lẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àgbàdo gba ipò rẹ̀, àwọn òpìtàn wọn sì ń sọ pé àlìkámà ni àwọn aláṣẹ Tọ́kì fẹ́, tí àgbàdo fi ṣẹ́kù fún mẹ̀kúnnù. Ó wọ inú ọ̀rọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní òwe pé mămăligă kì í bú gbàmù, èyí ni pé àwọn ènìyàn wọn yóò fara da ìyà láìdìde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ó bú gbàmù, wọ́n dìde sí ìjọba wọn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì ọdún 1990, tí àwa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ pe Àpérò Gbogbogbòò tiwa ní Cotonou, tí a sì yí ìjọba padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo sì máa ń fi ìyangàn sọ èyí fún Màmá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le kò ju èyí lọ: ọkà tí kò ní ọbẹ̀ a máa pa ènìyàn. Ní ọdún 1735, oníṣègùn Gaspar Casal rí àwọn tálákà ní Asturias, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí awọ wọn ń bó níbi tí oòrùn bá ti kan ara. Nígbà tí ó di 1771, Francesco Frapolli ní Milan ti sọ àìsàn náà ní pẹlágírà. Awọ a máa bó, ìgbẹ́ gbuuru a máa dé, orí a máa dàrú, ikú a sì tẹ̀lé e. Akéwì Jámánì nnì, Goethe, tí ó gba òkè Alps kọjá ní 1786, kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé ara àwọn obìnrin ọ̀nà ibẹ̀ kò dá, ó sì di ẹ̀bi náà ru ọkà tí wọ́n ń jẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1880, àwọn tí pẹlágírà ń ṣe ní Ítálì tó 100,000, tí a ń kó àwọn tí orí wọn ti dàrú lọ sí ilé ìtọ́jú wèrè ní erékùṣù San Servolo, létí Venice; àwọn àgbẹ̀ Románíà náà jẹ nínú ìyà yìí gidigidi. Nígbà tí Joseph Goldberger bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1914, ó fi hàn pé oúnjẹ ni ó ń fà á, kì í ṣe kòkòrò; ní 1937 ni Conrad Elvehjem sì rí èròjà tí ó ń wò ó sàn, èyí tí a ń pè ní niacin. Èròjà yìí wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó há síbẹ̀, ara ènìyàn kò lè rí i lò. Àwọn ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ni àgbàdo, mọ̀ láti ìgbà láéláé pé kí a kọ́kọ́ se é nínú omi eérú tàbí ẹfun, àwọn tí wọ́n gbé irúgbìn náà sọdá òkun kò sì gbé ọgbọ́n yìí sọdá pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe ọkà ni ó dẹ́ṣẹ̀. Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n gba wàrà, ẹran àti àlìkámà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí wọ́n fi ọkà nìkan sílẹ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́, àwọn ni mo mú lẹ́bi.

Ní Tré, èmi kò rí ìyá kan rí tí yóò gbé ọkà nìkan ka iwájú ọmọ. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni, tàbí ọbẹ̀ ilá, tàbí ọ̀ọ́yọ́, tàbí ẹ̀fọ́ gbọ̀mà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti irú. Bí owó kò bá sì sí rárá, ata lílọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà yóò wà nítòsí. Ẹ̀pà tí ilẹ̀ àárín òkè wa ń so dáadáa yìí gan-an kún fún niacin. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Barbados pàápàá kò gbàgbé: cou-cou tí ó jẹ́ oúnjẹ ìlú náà títí dòní, ọkà àgbàdo tí a rò pọ̀ mọ́ ilá ni, ẹja ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́.

Ọ̀ràn ọbẹ̀ yìí ni ó ń kó ìdààmú bá mi nípa àwa tí a wà níhìn-ín. Iṣẹ́ a máa gbà wá lọ láti àfẹ̀mọ́jú, a ó sì dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ra ìyẹ̀fun polenta tí ilé iṣẹ́ ti se jinná tẹ́lẹ̀, tí ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún, tí wọn a sì da tòmátì inú agolo lé e lórí, tí wọn a ní àwọn jẹ ọkà. N kò lè dá wọn lẹ́bi nítorí àárẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Ọkà bẹ́ẹ̀ kì í dì, ọwọ́ kò lè ṣù ú, a sì máa fọ́ sínú ọbẹ̀. Èyí tí ó sì burú jù, ó ti sọ wá di ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tálákà Veneto, ìhà Venice, ti àtijọ́ nínú ọlá. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa nílé, ní Cotonou àti ní Dassa-Zoumè pàápàá, ń wo ọkà àgbàdo bí oúnjẹ ẹni tí kò rówó ra ìrẹsì àti búrẹ́dì, àwọn ohun tí ọkọ̀ òkun ń kó àlìkámà àti hóró wọn wá láti ibòmíràn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Turin ń gbé polenta síwájú olówó, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ àti olú.

Obìnrin tí ó bá ń fi gáàsì ro ọkà rẹ̀, tí ó sì ń gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ dípò ọlọ, kò sọ nǹkan kan nù lójú mi. Èéfín àti ọlọ kò fi adùn kan kún un. Agbára apá àti sùúrù ni kò ṣeé yọ kúrò. Mo sì ń rọ àwọn ọkùnrin wa níhìn-ín kí wọ́n di orógùn mú, nítorí pé obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò yẹ kí ó tún máa nìkan ro ọkà ilé.

Bí àwọn ará wa bá ń bọ̀ láti ilé, wọ́n sábà máa ń béèrè ohun tí a fẹ́, a sì máa ń ní kí wọ́n gbé ìyẹ̀fun àgbàdo wá, tí yóò gba ìdajì àpótí tí ọkọ̀ òfurufú fi ìwọ̀n rẹ̀ sí kìlógíráàmù 23. Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Àgbàdo funfun kan wà ní Veneto tí wọ́n ń pè ní Biancoperla. Bí a bá rí èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná rà, tí a sì rò ó bí a ti ń rò ó ní Tré, ọkà tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní ti ẹnikẹ́ni lójú. Wagasi kò lè bá wa wọlé, nítorí òfin Yúróòpù kò gba arìnrìn-àjò láyè láti kó ẹran tàbí wàrà wá, ṣùgbọ́n brânză Màmá yóò dúró dè é nínú ọbẹ̀. Ohun tí kò sí níhìn-ín ni kí wọ́n fi kún àpótí: ọ̀ọ́yọ́ tí a sá gbẹ, ilá gbígbẹ, irú tí a dì dáadáa, ẹ̀pà yíyan láti oko wa, ata gbígbẹ; kí wọ́n sì fi orógùn kan há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí ó gùn, tí igi rẹ̀ le, nítorí ṣíbí onígi tí wọ́n ń tà ní Turin kúrú, a sì máa ṣẹ́ kí ọkà tó dì.