Ìwé Practical Kò Nílò Írésà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀.

Ní táàmù tó kọjá, a tan tọ́ọ̀ṣì gba inú ife zobo, a fi fóònù olùkọ́ wa wọn ìmọ́lẹ̀ tó jáde. Tọ́ọ̀ṣì kan, méjì, mẹ́ta. Ó yẹ kí nọ́ńbà náà máa pọ̀ sí i bákan náà. Tèmi yàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì mí, mo fi írésà pa tèmi rẹ́, mo kọ tirẹ̀. Mo gba 9 nínú 10.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́, olùkọ́ wa kò nà mí. Ó ní tọ́ọ̀ṣì kò lágbára tó láti da irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rú, àmọ́ lésà lè dà á rú. Ẹ wo aró tí wọ́n ń ṣe láti ara ewé èlú. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò dì mọ́ ojú kan, ìmọ́lẹ̀ tó le tètè máa ń mì wọ́n. Àwọn ike kan náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe polypropylene tí wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ sí Ẹkpan nítòsí wa níbí o. Láti wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi lẹ́ǹsì kó ìmọ́lẹ̀ lésà jọ sójú kan, wọ́n á máa ti aró náà díẹ̀díẹ̀ kọjá ibẹ̀, wọ́n á sì ka ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò kékeré kan jáde. Z-scan ni wọ́n ń pè é. Sheik-Bahae àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1990. Ṣé ẹ rí i? Nọ́ńbà tó yàtọ̀ gan-an ni wọ́n ń wá!

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Franken ní Yunifásítì Michigan. Ní 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan lésà pupa, 694 nánómítà, gba inú òkúta quartz. Ìmọ́lẹ̀ 347 nánómítà, tí ojú kò lè rí, jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àmì rẹ̀ lórí fọ́tò kéré débi pé àwọn tó ń tẹ ìwé náà rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n bá pa á rẹ́. Ọfà tó ń tọ́ka sí i ṣì wà níbẹ̀, ó ń tọ́ka sí òfìfo.

Síníọ̀ mi kan ní BECE kò ní béèrè èyí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa fa ìlà kan ṣoṣo lórí nọ́ńbà tó bá yàtọ̀, kó ṣì ṣeé kà, ká tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fún wa ní máàkì fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n lọ́jọ́ náà, àbí fóònù ló yẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀? Èmi fúnra mi ò rántí nọ́ńbà náà mọ́.